Àlejò inú Àpótí Gíláàsì

Ọmọ Yorùbá kan wà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọbìnrin rẹ̀, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, fẹ́ràn ẹja púpọ̀, ó sì ní àpótí gíláàsì kan tí ó ń sin ẹja wẹ́wẹ́ sí. Ní ọjọ́ kan, bàbá àti ọmọ lọ ra ẹja kékeré kan sí i. Ó ní irùngbọ̀n bí àrọ̀, kò sì gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Ara rẹ̀ rí bí ẹni pé a da àwọ̀n bò ó. Nígbà mìíràn a máa dojú dé, a sì máa gbé ikùn sókè lúwẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó tà á fún wọn sọ pé Synodontis nigriventris ni, ẹja odò Kóńgò, tí kì í gùn ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 10 lọ.

Nígbà tí ó ṣe, àlàáfíà tán nínú àpótí náà. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹja wẹ́wẹ́ kan á ti dín, àlejò náà nìkan ni ó sì ń sanra. Ọmọbìnrin náà sunkún, ó ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí a dà á sínú odò Thames. Olè ni.”

Bàbá rẹ̀ dáhùn pé, “Rárá, ọmọ mi. Inú omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni a bí i sí; òtútù odò Thames yóò pa á. Òfin ilẹ̀ yìí ti ọdún 1981 pàápàá ka dída ẹja àjèjì sínú odò léèwọ̀. Jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí í ṣe.”

Wọ́n tọ arúgbó kan lọ tí ó ti ń sin ẹja láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n rò pé yóò kàn wo ẹja náà lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì dárúkọ rẹ̀. Ìbéèrè ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Báwo ni ó ti gùn tó nígbà tí wọ́n rà á? Báwo ni ó ti gùn tó nísinsìnyí? Kí ni ó ń jẹ? Lẹ́yìn náà ni ó wí pé, “Ẹ má ṣe fi aṣọ ọmọdé mọ ìdílé rẹ̀, nítorí bí ó bá dàgbà, yóò bọ́ ọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹja ni ẹ̀yìn wọn dúdú ju ikùn lọ. Ṣùgbọ́n ẹja Kóńgò yìí a máa gbé ikùn sókè, nítorí náà ikùn rẹ̀ ni ó dúdú ju ẹ̀yìn lọ. Ẹ wo tiyín.”

Wọ́n wò ó. Ikùn kò dúdú ju ẹ̀yìn lọ. Àwọ̀n ara rẹ̀ ti ń já, ó ń di àmì dúdú kéékèèké bíi ti ẹkùn. Lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti ń yọ fọ́nrán gígùn bí wajawaja etí aṣọ.

Arúgbó ní, “Synodontis eupterus ni. Ní kékeré, àwọn méjèèjì jọra bí ìbejì. Ṣùgbọ́n èyí lè gùn ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, ẹja wẹ́wẹ́ sì lè di oúnjẹ fún un. Ó wà nínú odò Náílì Funfun, odò Vólítà àti odò Náíjà.”

Nígbà tí bàbá gbọ́ odò Náíjà, tí àwọn baba rẹ̀ ń pè ní Odò Ọya, ó wo àpá kan ní àtàǹpàkò rẹ̀. Nígbà èwe rẹ̀ ní Jẹ́bà, ó ń bá ìyá rẹ̀ àgbà ṣa ẹja nínú àwọ̀n àwọn apẹja, irú ẹja bẹ́ẹ̀ sì na ẹ̀gún sókè, ó gún un. Ó mi orí, ó ní, “Ará ilé mi ni mo ń pè ní ará Kóńgò!”

Wọ́n ra àpótí ńlá fún un. Wọn kò fi àwọ̀n kó o, nítorí ẹ̀gún rẹ̀ a máa há sí àwọ̀n. Abọ́ ni wọ́n fi bù ú. Ọmọbìnrin náà kò pè é ní olè mọ́. Ẹja kò ṣẹ̀. Orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ ni ó gbé e sáàárín oúnjẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹja wẹ́wẹ́ tí ó ti jẹ kò padà wá mọ́. Nítorí èyí ni àwọn àgbà ṣe ń sọ pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.