Àdín Ìyá Àgbà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ojú ń tì mí díẹ̀ láti sọ èyí. Ní ọdún tí mo wọ Yunifásítì, irun iwájú orí mi pá. Mo fẹ́ràn ṣùkú tí a dì le koko, ẹ̀fọ́rí rẹ̀ kò sì jọ mí lójú.

Mo délé, mo ní: "Ìyá àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní àdín tí ń hu irun."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, àdín kì í hu irun. Irun ni í hu ara rẹ̀. Ìwọ ṣáà má fà á tu mọ́."

Alaalẹ́ ni wọ́n ń fi àdín èkùrọ́ àti òrí ra mí lórí. Fún oṣù 6, wọn kò jẹ́ kí n dìrí. Irun náà hù padà, bí i sẹ̀ǹtímítà 1 lóṣù, bí irun ti í hù.

Ní ọdún 2003, àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Íńdíà fi hàn pé òróró àgbọn ń dín ìpalára tí fífọ̀ àti yíyà ń ṣe fún irun kù. Ààbò ni òróró jẹ́. Èmi tètè jáwọ́. Ẹni tí ó bá pẹ́ níbẹ̀, gbòǹgbò irun lè kú, àdín kò sì ní jí i.

Nítorí náà, kí ẹ tó wá àdín, ẹ kọ́kọ́ bẹ onídìrí kí ó dẹ ọwọ́.