Èyí Tó Rọ̀ Ni Kẹ́ Ẹ Fi Bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin tí oòrùn àti eruku ọyẹ́ ti sọ ojú ọkọ̀ yín di bàìbàì, ẹ má tíì sáré lọ bá pẹ́ńtà.

Pádì tí wọ́n ń so mọ́ máṣíìnì pólíìṣì kò rí bákan náà. Onírun àgùntàn máa ń jẹ ọ̀dà gan-an, fún ibi tó ha jinlẹ̀ ni. Fóòmù líle kò le tó o. Fóòmù rírọ̀ ló ń mú un dán. Kílíà, ọ̀dà bíi gíláàsì tó bo àwọ̀ ọkọ̀, kò nípọn tó bébà kan. Èyí tẹ́ ẹ bá ti ha kúrò, ó lọ nìyẹn.

Bọ́ọ̀sì ìjọ wa ní Ìmẹ̀sí-Ilé, a fọ̀ ọ́ mọ́, a fi fóòmù rírọ̀ dán ibi kékeré wò lára bónẹ́ẹ̀tì. Kò ràn án. A mú èyí tó le, ó ràn án. A ò tiẹ̀ dé ìdí onírun. Owó ọ̀dà di owó páànù kíláàsì àwọn ọmọdé.

Ẹ má jẹ́ kí máṣíìnì dúró sójú kan, yóò jó ọ̀dà. Pádì tó bá já bọ́ sílẹ̀, ẹ fọ iyanrìn ara rẹ̀ kúrò kẹ́ ẹ tó tún lò ó.

Ẹ̀yin òbí, ìbáwí ọmọ náà nìyẹn. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀. Olúwa á fún wa ní sùúrù.