Máàpù Kò Mọ Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Kúdẹtì

Àwọn àgbà ní abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo wa ọkọ̀ akẹ́rù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́wàá wọ Kúdẹtì ní Ìbàdàn ni ó tó yé mi. Sìmẹ́ǹtì ni mo kó, 300 àpò. Kìlógíráàmù 50 ni àpò kọ̀ọ̀kan, nítorí náà tọ́ọ̀nù 15 ni ó wà lẹ́yìn mi, yàtọ̀ sí ìwúwo ọkọ̀ fúnra rẹ̀.

Ọ̀gá tí ó kọ́ mi ní iṣẹ́ awakọ̀ ní máàpù oníbébà kan tí ó fi ọ̀rá wé, tí ó máa ń tọ́jú sí ẹ̀yìn ìjókòó. Orí rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí i pé oríta ńlá ni Ìbàdàn. Ọ̀nà kan gba ibẹ̀ kọjá láti Èkó lọ sí Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin àti Jẹ́bbà. Òmíràn yà sí Ifẹ̀ àti Iléṣà. Òmíràn sì dojú kọ Abẹ́òkúta. Ọ̀nà tí wọ́n là láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ní 1906 wà lára àwọn ọ̀nà àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gbà ní ilẹ̀ wa. Máàpù ọ̀gá mi kò tàn mí jẹ rí. Ṣùgbọ́n àmì roboto kan ṣoṣo ni Ìbàdàn jẹ́ lórí rẹ̀. Ó lè mú yín dé Ìbàdàn. Kò lè mú yín dé Kúdẹtì.

Nítorí náà, nígbà tí mo gba Mọ́lété wọlé ní àárọ̀ ọjọ́ náà, fóònù ni mo gbójú lé. Ó yan ọ̀nà tí ó kúrú jù, mo sì tẹ̀ lé e láìbi ẹnikẹ́ni. Títì náà bẹ̀rẹ̀ sí í fún. Páànù ilé ọ̀tún àti ti òsì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ki ara wọn. Lójijì, ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí ìhà odò. Mo tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ dúró, ó tún yọ̀ díẹ̀. Òórùn bíréèkì gba gbogbo inú ọkọ̀. Ní ìsàlẹ̀, àwọn obìnrin ń din àkàrà, àwọn ọmọ iléèwé sì tò yí wọn ká pẹ̀lú owó lọ́wọ́.

Ọmọ ọkọ̀ mi fò sílẹ̀, ó ki igi bọ abẹ́ táyà ẹ̀yìn. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ìyá àgbàlagbà kan jáde láti inú agbo ilé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

“Ọmọ mi, ta ló ní kí o gba ibí?”

“Ẹ kú àárọ̀ mà. Fóònù ni, Ìyá.”

“Ṣé fóònù náà ti wa ọkọ̀ rí ni? Afárá tó wà nísàlẹ̀ yẹn, ti ẹlẹ́sẹ̀ àti ti ọlọ́kadà ni. Má sún síwájú mọ́.”

Òun ni ó ké sí àwọn ọmọ àdúgbò. Wọ́n kọ́kọ́ kó àwọn ọmọ iléèwé kúrò lọ́nà. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan dúró ní ẹ̀yìn, ẹnì kan ní ẹ̀gbẹ́, wọ́n ń darí mi ní ẹsẹ̀ bàtà kan sí òmíràn. Ó gbà wá tó wákàtí méjì kí a tó fi ẹ̀yìn rìn padà sí títì ńlá. Ọmọlanke ni ó kó sìmẹ́ǹtì náà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni ín, owó rẹ̀ sì jẹ èrè ọjọ́ náà tán.

Nígbà tí ọkàn mi balẹ̀, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìyá, mo sì wo àdúgbò náà dáadáa. Kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó dé ilẹ̀ wa ni Kúdẹtì ti wà. Ibẹ̀ ni David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ tẹ̀dó sí nígbà tí wọ́n dé ní 1853. Ibẹ̀ ni iléèwé àwọn ọmọbìnrin ti bẹ̀rẹ̀ ní 1899, èyí tí ó wà lára ohun tí ó di St. Anne's ní Mọ́lété lónìí. Ẹsẹ̀ ènìyàn àti pátákò ẹṣin ni wọ́n la ọ̀nà fún nígbà náà. Agbo ilé sì ń bí agbo ilé títí àlàfo fi tán. Kì í ṣe àdúgbò náà ni ó ṣẹ̀ mí. Èmi ni mo mú ohun tí kò bá ibẹ̀ mu wọ ibẹ̀. Ìyá tún rán mi létí ìkún omi Ògùnpa tí ó ṣẹlẹ̀ ní 31 Oṣù Kẹjọ, 1980, tí ó gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí. Ẹni tí ó bá ń gbé etí odò ní Ìbàdàn kì í fi ọ̀rọ̀ afárá ṣeré.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti yí ọwọ́ padà. Kí n tó gbéra, mo máa ń wa máàpù sílẹ̀ sórí fóònù, nítorí ibi tí nẹ́tíwọ̀kì kò bá sí. Mo ń lo èyí tí ó ní ààyè fún ọkọ̀ akẹ́rù, irú OsmAnd, mo sì ń kọ gíga àti ìwúwo ọkọ̀ mi sí i. Mo ń wo àwòrán tí wọ́n yà láti òkè láti mọ bí títì ṣe fẹ̀ tó. Mo tún ń pe ẹni tí ó ni ẹrù pé: “Ọkọ̀ wo ló ti já ẹrù síbẹ̀ rí?” Bí mo bá sì fẹ́ béèrè ọ̀nà, awakọ̀ akẹ́rù bíi tèmi ni mo ń bi. Ọ̀nà ọlọ́kadà ni ọlọ́kadà yóò júwe fún yín, kì í ṣe pé ó fẹ́ pa yín lára.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ ọkọ̀ mi wọ OpenStreetMap, èyí tí ẹnikẹ́ni lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọkọ̀ ńlá kò lè gba afárá náà. Oṣù tí ó tẹ̀ lé e, mo tún kó ẹrù wá sí Kúdẹtì. Orí títì ńlá ni mo dúró sí, mo pe ọlọ́mọlanke, mo sì fi ẹsẹ̀ rin gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà lọ kí Ìyá pẹ̀lú búrẹ́dì méjì lábẹ́ apá.