Ìrìn-àjò Wa sí Ìtẹ́ Idì-Ẹja

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti rin ìrìn-àjò lọ wo ohun tí ó wà. Àwa rin tiwa lọ wo ohun tí kò tí ì dé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹta ni àwa àti àwọn ọmọ wa méjèèjì wọ ọkọ̀ ojú irin ní Edinburgh, ní ilẹ̀ Skọ́tlándì níbi tí iṣẹ́ gbé wa dé, a sì sọ̀kalẹ̀ ní Dunkeld, ìlú kékeré kan tí ó wà ní ìhà àríwá Perth. A ru oúnjẹ, a sì wọ ẹ̀wù lé ẹ̀wù, nítorí òtútù oṣù náà níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré.

Odò Tay ni ó ń ṣàn lẹ́bàá ìlú náà. A gba orí afárá òkúta kọjá, èyí tí Thomas Telford kọ́, tí a sì parí ní 1809. Ilé ìsìn àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí apá kan rẹ̀ ti di ahoro. A ìbá dúró wò ó, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ń fà wá lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìrìn bí máìlì méjì láàárín igi, a dé etí adágún tí à ń pè ní Loch of the Lowes. Ẹgbẹ́ tí ń dáàbò bo ẹ̀dá igbó ilẹ̀ Skọ́tlándì ni ó ń tọ́jú ibẹ̀. Wọ́n kọ́ ahéré onípákó sí etí omi, wọ́n dá ojú fèrèsé tóóró sí ara rẹ̀, kí ènìyàn lè máa wòran láìdẹ́rù ba ẹyẹ.

Igi páìnì kan wà ní òdìkejì omi, òkìtì igi gbígbẹ sì wà ní orí rẹ̀, bí ẹni pé àgbẹ̀ kan gbàgbé ẹrù igi ìdáná rẹ̀ sí òkè. Ìtẹ́ náà nìyẹn. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Idì-ẹja ni ẹyẹ tí ó ni ín. Ẹni tí ó bá ti ka ìwé Léfítíkù yóò rántí orúkọ náà láàárín àwọn ẹyẹ tí a kà léèwọ̀ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì. Ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, ikùn rẹ̀ funfun, ìlà dúdú kan sì gba ojú rẹ̀ kọjá bí tìróò tí ọmọdé fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé. Bí ó bá na apá méjèèjì, ó tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún. Síbẹ̀ kò wúwo tó kílò méjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìyẹ́ lásán. Ẹja ni oúnjẹ rẹ̀. Láti òkè ni í ti í já lu omi, tòun ti ẹsẹ̀ níwájú. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ní ẹ̀gún wẹ́wẹ́ kí ẹja má baà yọ̀ bọ́. Nígbà tí ó bá sì ń gbé e lọ sílé, orí ẹja ni í kọ sí iwájú, kí afẹ́fẹ́ má baà dá a dúró.

Ọmọ wa obìnrin béèrè pé níbo ni ẹyẹ náà wà tí a fi jókòó dè é bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn ìbéèrè yìí gan-an ni ó gbé wa dé ibẹ̀: ó wà ní ìhà ilé wa. Nígbà tí oṣù Kẹjọ bá ń parí lọ, abo ni í kọ́kọ́ gbéra. Akọ a dúró, a máa pa ẹja fún àwọn ọmọ títí wọn yóò fi lè dá dúró, lẹ́yìn náà òun náà a lọ. Àwọn ọmọ náà a lọ, olúkúlùkù ní tirẹ̀, láìsí ẹni tí ó fi ọ̀nà hàn wọ́n. Wọn a la òkun àti aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, ìrìn bí 5,000 kìlómítà, títí wọn yóò fi dé Sẹ̀nẹ̀gàl, Gámbíà àti Guinea. Àwọn mìíràn a sì dé orí odò àti ọ̀sà ti Nàìjíríà. Tọkọtaya kì í jọ rìn, wọn kì í sì í jọ gbé ní ìdálẹ̀. Ìtẹ́ yìí ni ibi ìpàdé wọn.

Àwa tí a dàgbà ní etí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́ ti rí i rí láìmọ̀ ọ́n. Ní àkókò ọyẹ́, a máa bà sórí òpó tí àwọn apẹja rì mọ́ inú omi, pẹ̀lú ìlà dúdú ojú rẹ̀ yẹn. Àwòdì ni àwọn ẹ̀gbọ́n wa ń pè é, wọn a sì máa sọ ọ́ ní òkò nítorí ẹja. Kò sí ẹni tí ó rò ó pé ó ní ilé ní ibòmíràn. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín tí ń gbé etí omi bá rí irú rẹ̀ tí ó wọ òrùka aláwọ̀ búlúù ní ẹsẹ̀, kí ó gbìyànjú láti ka lẹ́tà funfun tí ó wà lára rẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Láti Bìrìtéènì ni ó ti wá, ẹnìkan sì ń wá a níbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni a wá a bẹ́ẹ̀. Ìbọn àti àwọn tí ń kó ẹyin ẹyẹ jọ fún ọ̀ṣọ́ ni ó pa ìran rẹ̀ run ní Skọ́tlándì. Ní nǹkan bí ọdún 1916, kò sí èyí tí ń pamọ níbẹ̀ mọ́. Ní 1954 ni tọkọtaya kan padà wá sí Loch Garten, ní òkè àríwá. Ní 1958 a yan àwọn ènìyàn láti máa ṣọ́ ìtẹ́ náà tọ̀sán tòru, síbẹ̀ olè kan gun igi ní òru, ó kó ẹyin lọ, ó sì fi ẹyin adìẹ tí a kùn ní ọ̀dà rọ́pò rẹ̀. Ẹ wo irú làálàá yìí nítorí ẹyin tí a kò ní jẹ! Ní ọdún kejì, àwọn olùṣọ́ yí ọgbọ́n padà: dípò kí wọ́n fi ibẹ̀ pamọ́, wọ́n pe gbogbo ayé kí wọ́n wá wò ó. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wá, ọmọ mẹ́ta sì fò jáde nínú ìtẹ́ náà.

Bàbá arúgbó kan tí ń ṣọ́ ahéré náà láìgbowó ni ó sọ ìtàn abo kan tí ó ti ni ìtẹ́ tí à ń wò yìí fún wa. “Lady” ni wọ́n ń pè é. Ọdún 24 léraléra ni ó fi padà wá, ó sì tọ́ ọmọ bí 50. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2010, àìsàn dá a dùbúlẹ̀ lórí ìtẹ́, orí rẹ̀ wọ́, kò lè jẹun. Gbogbo ènìyàn ti gbà pé ó tán. Ó dìde, ó fò lọ ní ìgbà tí ó yẹ, ó sì padà ní ọdún kejì. 2014 ni ó wá kẹ́yìn. Bàbá náà ní ní 2015, bí abo mìíràn tilẹ̀ ti gba ìtẹ́, òun ṣì ń wo ojú ọ̀run títí oṣù Karùn-ún fi wọlé. “A kò rí òkú rẹ̀,” ni ó wí. Ó sì da tíì sínú ife fún wa.

Ní alẹ́, nínú ilé àlejò tí a sùn sí, a tẹ ìyá wa láago ní Ẹ̀pẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí. “Ẹ wọkọ̀ lọ kí ẹyẹ tí kò sí nílé?” A ní ó lè jẹ́ pé ọ̀dọ̀ tiwọn níbẹ̀ ni ó wà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní: “Ó dára. Kí ẹ̀yin máa wo ọ̀nà ẹyẹ, kí èmi náà máa wo ọ̀nà yín.” Ó di ọdún kẹrin tí a ti dé ilé kẹ́yìn. A kò rí èsì fún un, a sì gbé ẹ̀rọ náà fún àwọn ọmọ.

Ní ọjọ́ kejì a tún jókòó. Pẹ́pẹ́yẹ igbó ń wẹ̀ lórí omi, ọ̀kẹ́rẹ́ pupa kan wá jẹun ní ẹ̀yìn ahéré, òjò rọ̀, ó dá. Lẹ́ẹ̀mejì ni ohun kan fò la òkè kọjá tí gbogbo wa dìde. Ẹyẹ mìíràn ni. Ní agogo mẹ́rin a dìde fún ọkọ̀ ojú irin, ìtẹ́ sì wà bí a ti bá a.

Ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn tí a dé ilé ni ìròyìn kàn wá pé ọ̀kan ti bà sórí rẹ̀. Ọmọ wa obìnrin ní dandan ni kí ìyá àgbà gbọ́ ọ, a sì pè é. Ìyá wa gbọ́ gbogbo rẹ̀ dé òpin, aṣálẹ̀ àti òkun. Ó ní kí a bá òun kí i kú ewu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè pé èkejì ńkọ́.