Ta Ni Yóò Là Wọ́n? Ìrìn Wa sí Ìmẹ̀sí-Ilé

Tíṣà ni mí ní Ọ̀tan-Ilé, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, Málì, Niger àti Burkina Faso jáde kúrò nínú ECOWAS, ẹgbẹ́ ọrọ̀-ajé àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ó ku orílẹ̀-èdè 12. Ní ọjọ́ kejì mo sọ ọ́ ní kíláàsì, ọmọdébìnrin kan sì nawọ́ sókè, ó ní: "Tíṣà, ta ni yóò wá là wọ́n?"

Ẹnu mi wọhò. Nígbà tí ó di Sátidé, mo kó àwọn ọmọ náà, a wọ mọ́tò, ó di Ìmẹ̀sí-Ilé, ìlú aládùúgbò wa.

Òkè ló yí ìlú náà ká. Ní agbègbè yìí, láàárín Ìgbájọ àti Òkè-Mẹ̀sí, ni ogun Kírìjí ti jà. Ààrẹ Látòósà ni olórí ogun Ìbàdàn. Ògèdèǹgbé Ìlẹ́ṣà ni olórí ogun Èkìtì Parapọ̀. Ẹ kò gbọdọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ ìbọn nìkan ni. Ọ̀rọ̀ òwò wà nínú rẹ̀. Láti ọdún 1877 ni Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti dí ọ̀nà òkun mọ́ Ìbàdàn, ọjà kò sì lọ geere mọ́.

Bàbá arúgbó kan ló gbà wá lálejò. A kí i tán, ó ní kí a jókòó, ó bu omi fún wa kí ó tó bèèrè ohun tí a bá wá. Mo sọ ìbéèrè ọmọ náà fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Tíṣà, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ."

Mo mọ ohun tí Bàbá ń wí. Ní ọdún 1886, Samuel Johnson àti Charles Phillips, àlùfáà tí í ṣe ọmọ Yorùbá, ni gómìnà Èkó rán sí ibùdó méjèèjì. Wọ́n gbọ́ èdè, wọ́n mọ bí a ti ń kí ọba àti bí a ti ń kí balógun, ẹnikẹ́ni kò sì fojú àlejò wò wọ́n. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni a kéde àlàáfíà. Ṣùgbọ́n ọdún 1893 ni ibùdó tó tú pátápátá. Ìlàjà kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ECOWAS. Kí orílẹ̀-èdè 15 tó fọwọ́ sí ìwé ní Èkó ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1975, Ọ̀gágun Gowon tiwa àti Eyadéma ti Togo ti ṣe wàhálà rẹ̀ fún ọdún mélòó kan.

Ṣùgbọ́n onílé tí yóò pe ayé jọ gbọ́dọ̀ ní ohun tirẹ̀ nílé. Ẹ rántí FESTAC ọdún 1977. Ère ojú Ìyọba Idia ti Benin ni a fi ṣe àmì àjọ̀dún náà, ère ọ̀hún sì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. A tọrọ rẹ̀, wọn kò yá wa. Àwọn oníṣọ̀nà Benin ni wọ́n gbẹ́ òmíràn. Àbí ẹ ò rí nǹkan: onílé ń tọrọ ẹrù ilé rẹ̀ lọ́wọ́ ará ìta!

Nígbà tí a ń bọ̀ wálé, mo dá ọmọ náà lóhùn: "Ẹni tí ó mọ bí a ti ń kí àwọn méjèèjì ni yóò là wọ́n."

Nítorí náà, ẹ̀yin aláṣẹ, nígbà tí ẹ bá tún pe àwọn àlejò wá fún àpérò ọrọ̀-ajé, ẹ má ṣe mú wọn mọ sí òtẹ́ẹ̀lì àti gbọ̀ngàn nìkan. Ẹ mú wọn dé orí òkè wọ̀nyí, kí wọ́n rí ibi tí àwọn baba wa ti jà, tí wọ́n sì ti parí ìjà. Ẹ̀yin òbí, ẹ kó àwọn ọmọ yín lọ ṣáájú àlejò. Ọmọ tí kò mọ ìtàn ilé rẹ̀, kí ni yóò fi han àlejò?