Fíúsì Tó Já Lọ́nà Ìlọrin

Láti Ìbàdàn ni mo ti ń bọ̀, Ìlọrin ni mò ń lọ. Mo kọjá Fìdítì tán, ilẹ̀ ń ṣú, ni dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ mi bá ṣókùnkùn. Mi ò rí iye tí mò ń sá mọ́. Iná iwájú ń tàn ní tirẹ̀, àmọ́ tọwọ́ òsì ń ṣe bàìbàì. Tírélà tó wà lẹ́yìn mi ń fọn fèrè kíkankíkan. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu ni pé bí mo bá ti tẹ bíréèkì, dáṣíbọ́ọ̀dù á mọ́lẹ̀. Bí mo bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, á tún kú.

Mo rọra gba Ìlọrà wọ Ọ̀yọ́, mo bá rí ríwáyà (oníṣẹ́ iná ọkọ̀) kan tó ń palẹ̀ mọ́ nítòsí gáréèjì. Mo rò ó fún un.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ tan iná, kí ẹ wá wo ẹ̀yìn ọkọ̀ yín.”

Iná ẹ̀yìn ti kú pátápátá. Ó ní bátìrì ò jẹ̀bi: iná iwájú ní fíúsì tirẹ̀, iná ẹ̀yìn àti ti dáṣíbọ́ọ̀dù ló jọ ń lo ẹyọ kan. Ó yọ fíúsì 10 ámpù náà. Okùn inú rẹ̀ ti já. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ ti ń mú ti 20 bọ̀.

“Ṣé o fẹ́ kí wáyà jóná dípò fíúsì ni? A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.”

Ó yọ gílóòbù ẹ̀yìn méjèèjì, ó gbé wọn sí àtẹ́lẹwọ́, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn. Ọ̀kan ní òjé méjì nídìí, ó sì ní okùn méjì nínú: ti 5 wáàtì fún iná alẹ́, ti 21 fún bíréèkì. Òjé kan ṣoṣo ni èkejì, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i fún mi, ní, òjé yẹn sì kan ojú méjèèjì tó wà nínú ihò gílóòbù. Ìyẹn ló so ọ̀nà bíréèkì mọ́ ti iná alẹ́. Bí mo bá tẹ bíréèkì, iná á gba ibẹ̀ dé dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí mo bá sì tan iná alẹ́, gbogbo gílóòbù bíréèkì á bá a tàn, fíúsì á máa ru ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀ títí á fi já.

Ó fi gílóòbù olójèé méjì àti fíúsì 10 míì sí i, ó wá ku iná iwájú. Ó fi wáyà kan orí nẹ́gétífù bátìrì, ó fi ẹnu rẹ̀ kejì kan wáyà ẹ́ẹ̀tì gílóòbù tọwọ́ òsì. Ojú ẹsẹ̀ ló tàn yòò. Ibi tí wọ́n ti de ẹ́ẹ̀tì mọ́ ara ọkọ̀ ló ti dípẹtà. Ó fi sáńpépà họ ọ́, ó dè é padà.

Mo gba Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìlọrin, kò sí tírélà tó tún fọn fèrè mọ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ ra gílóòbù ẹ̀yìn, kó mú àlòkù dání, kó yí ìdí méjèèjì sókè, kó ka òjé wọn kó tó sanwó.