Ẹni Tó Ń Retí Ọmọ Rẹ̀

Obìnrin kan ní kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì mi kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé, “I hope my son at the school.” Bírò pupa ti wà lọ́wọ́ mi. Ohun tó fẹ́ sọ ni pé òun máa ń dúró de ọmọ òun lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé. Lédè Sípáníìṣì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, “esperar”, ni wọ́n ń lò fún dídúró de ènìyàn àti fún níní ìrètí. Kí n tó fa ilà sí i, “retí” sọ sí mi lọ́kàn. Bí mo bá ní mò ń retí ọmọ mi, ojú ọ̀nà ni mò ń wò. Inú ọ̀rọ̀ yẹn kan náà ni ìrètí sì ti jáde. Mo dá bírò dúró, mo rọra kọ “wait for” sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Bronx, ní New York, la ti ń ṣe kíláàsì náà lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Ará Dominican Republic, Honduras àti Ecuador ló pọ̀ níbẹ̀: ẹni tó ń tọ́jú arúgbó, ẹni tó ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ, bíríkìlà. Ó ti máa ń rẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó jókòó. “Maestra” ni wọ́n ń pè mí. Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí. Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè ìyá tèmi náà.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ọkùnrin kan dìde, ó ní, “I have 46 years.” Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé wọn nìyẹn: ènìyàn máa ń ní ọdún, ó máa ń ní ebi, ó máa ń ní òtútù. Ní tiwa, ebi ló ń pa ènìyàn, òtútù ló ń mú un, ọmọ ọdún 46 sì lèèyàn ń jẹ́. Mo kọ ti Gẹ̀ẹ́sì sójú pátákó, I am hungry, I am cold, I am 46, mo wá fọwọ́ di ikùn mú, mo sọ tiwa fún wọn. Ẹ̀rín sọ. Lọ́sẹ̀ kejì, ọkùnrin náà tún ṣì í sọ, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ló gbá ara rẹ̀ mú.

Ibi tó nira fún wọn jù ni “in”, “on” àti “at”. Fún ibi tí nǹkan wà, “en” kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń lò; àwa ń lo “ní” fún ibi àti fún àkókò: mo wà ní Bronx, mo dé ní Ọjọ́ Ajé, mo dé ní aago méje. Kò sí òfin kan tí mo lè fún wọn tó máa ká gbogbo rẹ̀. A kàn ń gbé e mì lódindi ni: “on Monday”, “at seven”. Ti “embarazada”, tó dún bí “embarrassed” àmọ́ tó túmọ̀ sí aboyún, tí kì í ṣe ẹni tí ojú ń tì, kò gba àkókò; ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń gbọ́ ọ tí wọn ò fi ní gbàgbé. “Shirt blue” kò tilẹ̀ ṣàjèjì sí etí mi rárá. Ẹ̀wù búlúù ṣáà ni. Bí “stop” bá sì di “estop” lẹ́nu wọn, iwájú ni wọ́n fi fáwẹ̀lì tiwọn sí. Àárín làwa ń ki tiwa bọ̀, ni “stove” fi di sítóòfù.

Nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ, owó ìtanràn ni ẹni tó bá sọ Yorùbá máa ń san. Lọ́jọ́ kan, mo pe ìyá mi ní “he”. “Ó” là ń pe tọkùnrin tobìnrin nílé wa. Mi ò mọ ohun tó burú níbẹ̀. Tíṣà ní kí gbogbo kíláàsì hó lé mi lórí. Mo ṣì ń gbọ́ ariwo yẹn. Nítorí náà, bí obìnrin kan bá sọ nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé “his husband”, nítorí pé “su” kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ lára obìnrin, mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú yàrá yẹn.

Ìyá tó ń retí ọmọ rẹ̀ yẹn ló wá bi mí ní ìbéèrè tí mi ò rí ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn sí. Ó fẹ́ lọ rí dókítà àgbàlagbà kan, ó ní báwo lòun ṣe máa pè é ní “you” tí kò fi ní dà bíi pé òun rí i fín. “Usted” ni wọ́n ń pe àgbà nílé wọn, “tú” ni ti ẹgbẹ́ ẹni. Ta ló máa yé bí kò ṣe ọmọ tí wọ́n fi “ẹ” àti “o” tọ́ dàgbà? Mo sọ fún un pé Gẹ̀ẹ́sì ní “thou” nígbà kan rí, wọ́n pa á tì, “you” ló wá kù fún ọba àti ọmọdé. Àwa méjèèjì wá jókòó, à ń wá ibi tí Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀wọ̀ pamọ́ sí: “could you”, “would you mind”, “Doctor” níbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn. Ó kọ gbogbo rẹ̀, ó ń kà á lábẹ́lẹ̀.

Nígbà tí a parí, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà, tó di ìwé rẹ̀ mọ́ àyà. Ó ní, “I wait for my son. I hope he eat.”

“S” kò sí lẹ́yìn “eat”. Mo fi í sílẹ̀ di Ọjọ́bọ̀.